Ọ̀rọ̀ Yorùbá Lójú Fóònù: Bí Áàpù Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ohun tí A Tẹ̀ Ti Yí Padà

Iṣẹ́ tèmi ni ẹ̀kọ́ èdè. N kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní, èdè àti ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ni ín. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, àkọtọ́ Yorùbá ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: báwo ni áàpù inú fóònù ṣe ń mọ̀ pé a ti tẹ nǹkan, àti pé ohun tí a tẹ̀ ti yí padà? Kí ni ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn lẹ́tà wa tí wọ́n ní àmì lórí àti nídìí bí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ áàpù tí kò mọ̀ wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ibi tí ọwọ́ gbogbo wa ti tó o. Bí ènìyàn bá ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù a máa fi iye àyè tí ó kù hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹ kọ "Mo n bo" láìfi àmì kankan sí i. Àyè lẹ́tà 160 ni ẹ ní fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ẹ wá pa o tí ó gbẹ̀yìn rẹ́, kí ẹ fi ọ rọ́pò rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, 160 yóò di 70. Ẹ pa ọ yẹn rẹ́, yóò tún padà di 160. Kì í ṣe idán. Àyè tí a pín fún àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í yí padà: bíìtì 1,120 ni, bíìtì sì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà. Àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ṣe ètò yìí kó àwọn lẹ́tà tí àwọn fúnra wọn ń lò jọ sínú àkójọ kan, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 7. 7 lọ́nà 160 ni 1,120. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àkójọ náà bá yọjú, gbogbo lẹ́tà tí ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, àti àlejò àti onílé, ni yóò di oníbíìtì 16; 16 lọ́nà 70 náà sì ni 1,120.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé à, è, ì, ò àti ù wà nínú àkójọ yẹn, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù kan ń lò wọ́n. É náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò tilẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Èyí ni pé ẹni tí ó kọ "bà" yóò ní àyè 160, ẹni tí ó kọ "bá" yóò ní 70. Ohùn ìsàlẹ̀ di ọmọ onílé, ohùn òkè di àlejò! Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àyè 150, tí ó sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i, owó àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni yóò san. Bí ó bá kọ ọ́ bí a ti kọ́ ọ níléèwé, yóò di mẹ́ta, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pín sí ọ̀nà púpọ̀, àyè 67 péré ni ó ń kù fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rìn dópin níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ èdè rẹ̀ dáadáa ń kọ́ ọ kí ó má kọ ọ́ dáadáa mọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún fóònù pé o ti di ọ? Láyé ogun, àwọn baba wa a máa fi alóre sórí igi gíga tàbí sórí òkè, kí ó máa ṣọ́ ọ̀nà. Alóre kì í jagun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wòye, kí ó sì ké sí àwọn ará ìlú bí ó bá rí nǹkan. Áàpù náà ní alóre tirẹ̀. Gbogbo àpótí tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, ìbáà jẹ́ ti orúkọ, ìbáà jẹ́ ti ìdáhùn ìdánwò, ni ẹni tí ó ṣe áàpù lè fi alóre tì. Lórí fóònù Android, TextWatcher ni orúkọ tí wọ́n sọ alóre yìí, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ó ń ké: kí ọ̀rọ̀ tó yí padà, nígbà tí ó bá yí padà, àti lẹ́yìn tí ó bá ti yí padà tán. Nínú igbe rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ibi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀, iye ẹyọ tí ó kúrò níbẹ̀, àti iye ẹyọ tí ó wọlé dípò wọn. Fóònù iPhone ní irú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ni ó yàtọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun kan wà tí alóre yìí kò sọ. Kò sọ bọ́tìnnì tí ìka tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn kan tí ń fi áàpù ṣíṣe jẹun, ni wọ́n rò pé ìka a máa tẹ bọ́tìnnì kan, lẹ́tà kan a sì jáde. Ìrònú ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìyẹn. Àwọn tí wọ́n bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ láyé yóò rántí pé bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì, irin yóò gbéra, yóò lu ìwé, lẹ́tà yóò hàn, ìwé yóò sì sún. Lórí àwọn tí wọ́n ní bọ́tìnnì àmì, àmì ni a máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Irin yóò lu ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kò ní sún, kí lẹ́tà tí ó ń bọ̀ lè bọ́ sábẹ́ àmì náà. Ẹni tí ó bá ń ka ìró irin lè mọ ohun tí ó wà lórí ìwé.

Fóònù òde-òní kò rí bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ni ojú rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń rí níbẹ̀, àwòrán ni. Áàpù sì ni òun náà, ọ̀tọ̀ sí áàpù tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Láti ọdún 2009 ni Android ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè yọ kíbọ́ọ̀dù kan kúrò kí ó fi òmíràn sí i bí ẹni pààrọ̀ fìlà. Kíbọ́ọ̀dù ni ìka ń bá sọ̀rọ̀. Kíbọ́ọ̀dù ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ fún áàpù kejì. Ó lè gbé lẹ́tà kan fún un. Ó lè gbé odidi ọ̀rọ̀ kan, bí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ bá mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí kíbọ́ọ̀dù dá lábàá. Ó sì lè gbé odidi gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni náà bá fi ẹnu sọ ọ́ dípò kí ó tẹ̀ ẹ́. Áàpù tí ń ka ìka yóò wá rí i pé ìka kankan kò kan bọ́tìnnì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ti kún àpótí. Lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí a bá fi Chrome ṣí lórí fóònù Android, bí a bá béèrè nọ́ńbà bọ́tìnnì tí a tẹ̀, 229 ni ìdáhùn tí a sábà máa ń gbà, ìbáà jẹ́ a ni a tẹ̀, ìbáà jẹ́ w. Nọ́ńbà yẹn kò dúró fún lẹ́tà kankan. Ohun tí ó ń sọ ni pé kíbọ́ọ̀dù ṣì ń to ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àpótí ni kí áàpù máa ṣọ́, kì í ṣe ìka.

(Kí n tó kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ní gbólóhùn méjì. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé áàpù ni òun náà, gbogbo ohun tí ẹ bá fi í tẹ̀ ni ó ń rí, títí kan ọ̀rọ̀ ìfowópamọ́ yín. Ẹ má ṣe gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ nítorí pé ó ní àmì ohùn.)

Wàyí o, kí ni alóre ń kà nígbà tí ó bá sọ pé ẹyọ kan wọlé? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Fóònù kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Àkójọ kan wà tí gbogbo ayé ń lò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Nínú rẹ̀, a fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lẹ́tà e ní 101. Lẹ́tà é, tí àwọn Faransé ń lò, ní 233. Ní tiwa, ẹ ní 7865, ọ ní 7885, ṣ ní 7779. Ẹ lè máa rò pé ẹ́, fáwẹ́lì tí ó ní àmì nídìí tí ó sì tún ní àmì ohùn òkè lórí, yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kò ní. Ẹ̀ kò ní. Ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún àmì ohùn òkè fúnra rẹ̀ ní 769, wọ́n fún àmì ohùn ìsàlẹ̀ ní 768, wọ́n fún àmì ìdí ní 803, wọ́n sì ní kí a máa tò wọ́n sẹ́yìn lẹ́tà tí wọ́n bá jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sórí pátákó, nítorí pé ojú ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà kìn-ín-ní, 7865, 769: ẹ gẹ́gẹ́ bí odidi, lẹ́yìn náà àmì ohùn. Ọ̀nà kejì, 101, 803, 769: e lásán, àmì ìdí, àmì ohùn. Ọ̀nà kẹta, 101, 769, 803: e lásán, àmì ohùn kí àmì ìdí tó dé. Ọ̀nà kẹrin, 233, 803: é ti àwọn Faransé, tí a wá fi àmì sí nídìí. Bí ẹ bá wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú fóònù, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Unicode fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú òfin rẹ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n áàpù tí ó bá ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà láìbéèrè òfin yóò sọ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kíbọ́ọ̀dù tí ó wà lọ́wọ́ yín ni ó ń pinnu èyí tí ẹ ń kọ, kò sì ní sọ fún yín.

Ọ̀nà karùn-ún kan wà tí ó le ju ìyókù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi kọ́ àwa àgbà níléèwé, igi kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni a máa ń rí nídìí ẹ àti ọ, kì í ṣe àmì róbótó. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni igi àti róbótó. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tẹ ìwé ni. Lójú Unicode, róbótó ní 803, igi ní 809, kò sì sí òfin kan tí ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó fi igi kọ ẹ̀kọ́ àti ẹni tí ó fi róbótó kọ ọ́ kò ní pàdé láéláé nínú áàpù, àfi bí ẹni tí ó ṣe áàpù náà bá mọ Yorùbá, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ so wọ́n pọ̀. Láti ìpàdé tí a ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti jà lórí igi àti róbótó. Ẹ̀rọ ni ó sọ ọ́ di ìjà.

Ẹ wá wo iye. Ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀kọ́", lẹ́tà mẹ́ta ni ojú rí. Bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà kìn-ín-ní, fóònù yóò ka 5. Bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà kejì, yóò ka 7. Àpótí tí a sọ pé kò gbọdọ̀ gbà ju ẹyọ 20 lọ lè gba gbogbo orúkọ gígùn tí kò ní àmì, kí ó sì gé orúkọ kúkúrú tí ó ní àmì síbi tí kò yẹ. Ní ti gb, álífábẹ́ẹ̀tì wa onílẹ́tà 25 kà á sí ẹyọ kan, fóònù kà á sí méjì. Ìyẹn kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé fóònù kò gbọ́ ohun tí a pè ní lẹ́tà.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n fi áàpù ṣe ìdánwò kékeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun ìrìnnà, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tẹ "ọkọ̀". Áàpù ní kò gbà á. Ó tún un tẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Áàpù ní kò gbà á. Ó wá gbìyànjú "ọkọ́", èyí tí a fi ń roko. Ó gbìyànjú "ọ̀kọ̀", èyí tí a fi ń jagun. Kò sí èyí tí áàpù gbà nínú wọn. Nígbà tí ó gbé fóònù rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi, kò tilẹ̀ dá a lójú mọ́ pé òun mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní àléébù kankan. Kọ̀ǹpútà ni olùkọ́ fi tẹ ìdáhùn tirẹ̀, tí ọ inú rẹ̀ jẹ́ 7885. Kíbọ́ọ̀dù ọmọ náà ń kọ o, tí í ṣe 111, kí ó tó fi 803 tẹ̀ lé e. Alóre rí ìyípadà, ó ké, ẹni tí ó gbọ́ igbe rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ń wò. Máàkì tí ọmọ náà pàdánù kò tó nǹkan. Ohun tí ó pàdánù ju ìyẹn lọ.

Àwọn áàpù mìíràn wà tí wọ́n sọ alóre di aṣọ́bodè. Wọ́n ti pàṣẹ fún un pé ohunkóhun tí kò bá sí láàárín a àti z nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lé e padà bí ó bá ti ń wọlé. Irú wọn pọ̀ nínú àwọn àpótí tí a ń kọ orúkọ sí. Bí ẹni tí ń jẹ́ Ṣọlá bá fi odidi lẹ́tà kọ orúkọ rẹ̀, aṣọ́bodè yóò lé Ṣ, yóò lé ọ, yóò lé á. L nìkan ni yóò kù. Bí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ń to àmì sẹ́yìn lẹ́tà, àmì nìkan ni aṣọ́bodè yóò lé, orúkọ náà yóò sì di Sola. Orúkọ kan náà, ẹnì kan náà, àbọ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ni yóò sọ pé fóònù òun ń ṣe kùrùkẹrẹ, wọn yóò sì kọ orúkọ wọn láìfi àmì sí i láti ọjọ́ náà lọ.

Ohun kan tún wà tí àwa elédè ti mọ̀ tipẹ́: a kì í dáhùn ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ń sọ ọ́ kò tíì parí. Bí ènìyàn bá ń wá "Ògùn" nínú áàpù tí í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ó ní ibi tí yóò gbà kọjá kí ó tó débẹ̀. Bí ó bá tẹ àmì ohùn gbẹ̀yìn, "ogun" ni yóò kọ́kọ́ hàn, èyí sì lè jẹ́ ìjà. Lẹ́yìn náà "ògun", tí kò jẹ́ nǹkan kan. Àmì tí ó gbẹ̀yìn ni yóò sọ bóyá odò Ògùn ni tàbí òrìṣà Ògún. Áàpù tí ó bá sáré dáhùn sí ìyípadà kọ̀ọ̀kan yóò ti kó ogun wá síwájú ẹni tí ń wá odò. Nítorí náà ni àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn fi máa ń jẹ́ kí áàpù ní sùúrù díẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà tí ó gbẹ̀yìn, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó tó lọ wá nǹkan. Kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú a máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ṣì ń tò lọ́wọ́. Ìlà náà dà bí ẹni tí ó na ọwọ́ sókè pé òun kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Áàpù tí ó bá ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, pé òun fẹ́ tún un ṣe, yóò rí i pé lẹ́tà di méjì-méjì, tàbí pé àmì bọ́ sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí pé igi kékeré tí ń ṣẹ́jú, tí ó ń fi ibi tí a kọ̀wé dé hàn, fò lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Mo ti sọ pé alóre kì í jagun. Àwọn tí wọ́n ṣe Android náà kìlọ̀ fún àwọn tí ń lò ó: bí alóre bá fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ inú àpótí padà, ìyípadà tuntun nìyẹn, a ó sì tún pè é láti wá ké. Bí ó bá tún yí i padà, a ó tún pè é. Bí a kò bá fi òpin sí i, yóò máa pe ara rẹ̀ títí áàpù yóò fi dákú.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Kò le bí ẹ ti lè rò. Unicode ti ṣe ìlànà kan sílẹ̀ tí a lè fi sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kọ sórí pátákó di ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe 7865, 769. NFC ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Ó wà nínú Android, ó wà nínú iPhone, ó wà nínú èdè tí a fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà kan péré ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe áàpù. Kí ó fi ìlànà náà tún ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, kí ó fi tún ìdáhùn olùkọ́ ṣe, lẹ́yìn náà kí ó tó fi wọ́n wé ara wọn. Kí ó ṣe é nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ tán, kì í ṣe nígbà tí ìlà ṣì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Bí ó bá fẹ́ ka lẹ́tà, kí ó ka ohun tí ojú rí, nítorí pé Unicode ti ṣe ìlànà fún ìyẹn pẹ̀lú. Igi àti róbótó ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so pọ̀. Ní ti wíwá ọ̀rọ̀, ó dára kí ẹni tí kò fi àmì sí i lè rí ohun tí ó ń wá, ṣùgbọ́n àmì tí ó wà lára ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ kò gbọdọ̀ sọnù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi èkíní ṣe àwáwí fún èkejì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan lára yín ń wí lọ́kàn wọn pé, kí a kúkú yé fi àmì sí i, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí a ní lọ́kàn. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n nínú gbólóhùn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń kọ́, ẹni tí ń kọ́ èdè wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú, orúkọ tí ó dá dúró nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kò sí gbólóhùn tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìṣòro náà sì ti kọjá pé kò sí ohun èlò. Gboard ti Google ní Yorùbá nínú. Ilé-iṣẹ́ YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún kọ̀ǹpútà jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àwọn tí wọ́n jọ wà ní African Languages Technology Initiative ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè wa. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ báyìí ni inú áàpù tí ń gba ohun tí a tẹ̀, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ lè dá sí láìmọ ẹ̀rọ kankan.

Kí ẹ tó gbé áàpù kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ tẹ "ẹ̀kọ́" sínú rẹ̀ láti orí fóònù méjì tí kíbọ́ọ̀dù wọn yàtọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn kan náà ni ó fún yín. Ẹ da ọ̀rọ̀ kan kọ láti inú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Bí alóre rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ń ka ìka, kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wọlé. Ẹ tẹ "ẹ́", kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan: lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì ohùn nìkan ni yóò lọ, ẹ yóò sì dúró, ẹ wò ó bóyá áàpù náà rí ìyípadà yẹn tàbí ó ṣì ń ka ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá. Ẹ kọ orúkọ ara yín sínú àpótí orúkọ, tàmìtàmì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ jáde, kí ẹ tún padà wọlé láti wò ó bóyá orúkọ yín ni ẹ bá níbẹ̀. Bí ó bá kùnà ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó ṣe é. Ẹ má ṣe kọ̀wé pé kò bọ̀wọ̀ fún àṣà wa. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ sọ fún un pé áàpù rẹ̀ ń sọ pé 101, 803, 769 kò dọ́gba pẹ̀lú 7865, 769, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ọjọ́ tí yóò tún un ṣe.